Ìgò IL-2: ìwọ̀n ọ̀tọ̀, agbára ọ̀tọ̀

Ìgò náà kò ju ọmọ ìka lọ. "Recombinant Human IL-2, 50 µg" ni wọ́n kọ sí i lára. Gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o má rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ láàbù á ní òfìfo ni wọ́n kó fún òun. Òfìfo kọ́. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ni 50 µg, ìyẹn àádọ́ta máíkírógíráàmù. Kékeré yẹn náà, tí a bá ń lo 10 nánógíráàmù sí mìlílítà kan, á tó lítà márùn-ún omi ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì.

Ìwé pélébé tó bá ìgò yìí wá ló máa ń da orí ènìyàn rú. Nọ́ńbà kún inú rẹ̀, méjì nínú wọn sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, àti agbára rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìgò méjì lè wọ 50 µg bákan náà kí ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa fi ìwọ̀n pín in, á sì máa yà á lẹ́nu pé iṣẹ́ oṣù yìí kò jọ ti oṣù tó kọjá.

Kí la tilẹ̀ ń pè ní IL-2? Interleukin-2 ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Purotéènì kékeré ni, amino ásíìdì 133 ló so kọ́ra tó fi di odidi, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 15.5 kDa (kilodalton, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn purotéènì). Ìránṣẹ́ ni láàárín sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, bá fojú kan ohun àjèjì tó mọ̀, á tú IL-2 jáde, iṣẹ́ tí IL-2 sì ń jẹ́ fún òun àti àwọn tó yí i ká ni pé kí wọ́n máa pọ̀ sí i. Àwọn kan ń pè é ní oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì T inú àwo máa ń kú bí kò bá sí. Àṣìṣe ni. Ṣúgà àti amino ásíìdì inú omi ìtọ́jú ni oúnjẹ. Àṣẹ ni IL-2. Bí gbogbo etí tó lè gbọ́ àṣẹ bá ti gbọ́ ọ, ariwo tí a bá tún pa lé e lórí kò mú iṣẹ́ yá sí i.

Etí tí mo ń wí yìí ni olùgbà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, apá mẹ́ta ló sì ní: alfa tí wọ́n ń pè ní CD25, bẹ́tà tí í ṣe CD122, àti gámà tí í ṣe CD132. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, wọ́n á di IL-2 mú pinpin, débi pé nǹkan bí 10 picomolar ti tó. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ìwọ̀n: 10 picomolar nígbà 15,500 (ìwọ̀n IL-2 ní dalton) jẹ́ nǹkan bí 0.15 nánógíráàmù nínú mìlílítà kan. Bí kò bá sí alfa, tó jẹ́ bẹ́tà àti gámà nìkan ló wà ńlẹ̀, ohun tí a ó nílò á tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Alfa nìkan lè di IL-2 mú díẹ̀, àmọ́ kò lè fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì.

Ibí yìí gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn "IL-2 yìí ò ṣiṣẹ́" ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì T tó ń sinmi kò fi bẹ́ẹ̀ ní CD25 lára. Ẹni tó bá yọ ọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀, tó sì da IL-2 díẹ̀ lé e lórí láì kọ́kọ́ ta á jí, ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀ ni. A ní láti fi antibody tó ń mú CD3 àti CD28, purotéènì méjì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì T, ta á jí. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, CD25 á ti bo ara rẹ̀, ìgbà yẹn ni ìwọ̀n kékeré á tó jẹ́ iṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì NK, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, yàtọ̀ díẹ̀: bẹ́tà àti gámà ni púpọ̀ nínú wọn gbára lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbọ́ràn láìsí pé a kọ́kọ́ ta wọ́n jí, àmọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ìwọ̀n tó ga.

Ní 1976 ni Morgan, Ruscetti àti Gallo fi hàn ní Amẹ́ríkà pé omi tí a ti fi tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí a ta jí lè mú kí sẹ́ẹ̀lì T ènìyàn máa bí sí i fún ìgbà pípẹ́. Ní 1983, Taniguchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí jíìnì rẹ̀ mú. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ìdí láti máa wá a kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Ohun tí recombinant túmọ̀ sí nìyẹn. Wọ́n mú jíìnì IL-2 ti ènìyàn, wọ́n so ó mọ́ DNA róbótó kan tí bakitéríà lè gbé, wọ́n sì fi sínú E. coli. Bakitéríà yẹn ló ń hun purotéènì náà. Nítorí náà, "human" tó wà lára ìgò ń sọ àpẹẹrẹ tí wọ́n tẹ̀lé, kò sọ ara tí wọ́n ti yọ ọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

E. coli kì í hun ún dáadáa tán, ṣá. Ńṣe ló máa ń dì jọ nínú bakitéríà bí òkúta kéékèèké, ní ìká-kò-pé. Àwọn tó ń ṣe é ní láti fi kẹ́míkà líle tú u, kí wọ́n sì jẹ́ kó rọra ká ara rẹ̀ padà. Nínú kíká yìí, amino ásíìdì mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní cysteine ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó wà ní ipò 58 àti 105 gbọ́dọ̀ so mọ́ra. Èyí tó wà ní ipò 125 ò gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹnì kankan. Bí 125 bá lọ so mọ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn, IL-2 náà di òkú, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò dín. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yọ cysteine 125 kúrò tí wọ́n sì fi serine rọ́pò rẹ̀. Lórí ìwé kan wàá rí Cys125Ser, lórí òmíràn Cys145Ser. Ohun kan náà ni. Ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibi tí IL-2 tó ti gbó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kejì ka amino ásíìdì ogún tó ṣáájú, tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gé dànù kó tó tú purotéènì náà jáde. Ìdí kan náà ló fà á tí wọ́n fi ń kọ Ala21–Thr153 fún purotéènì tó ní 133.

Ti ara ènìyàn máa ń ní ṣúgà díẹ̀ lára, ti E. coli kò ní. Èyí kò dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí o bá ra èyí tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn bíi HEK293 ṣe, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù bí ìlà rẹ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ń ya purotéènì sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n, bá ga ju 15 kDa lọ. Ṣúgà yẹn ni.

Nípa ìmọ́ tónítóní, ohun méjì ni ìwé máa ń kọ. "Ju 95 % lọ" ń sọ pé nínú gbogbo purotéènì tó wà nínú ìgò, èyí tó ju márùndínlọ́gọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún ní ìwọ̀n IL-2 lórí jẹ́ẹ̀lì. Kò sọ pé wọ́n ká dáadáa, nítorí pé jẹ́ẹ̀lì ti tú gbogbo wọn kí ó tó wọ̀n wọ́n. Ìkejì ni endotoxin, ọ̀rá ara òde E. coli tí wọ́n ń pè ní LPS. Sẹ́ẹ̀lì bíi monocyte, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, máa ń ru sókè bí ó bá gbóòórùn rẹ̀ lásán, ẹni tó ń ṣe ìwádìí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé IL-2 ló ṣe é. Ká ní ìwé sọ pé kò ju 1 EU (yúníìtì endotoxin) lọ nínú 1 µg. Bí o bá lo 10 nánógíráàmù sí mìlílítà kan, 0.01 EU ló pọ̀ jù tó lè bá a wọlé. Kò sí ìbẹ̀rù. Bí o bá gbé e dé 1 µg sí mìlílítà kan, ó ti di 1 EU, ìyẹn nǹkan bí 0.1 nánógíráàmù LPS, monocyte á sì ti máa dáhùn. Wá èyí tó kéré sí 0.1 EU nínú 1 µg bí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àwo rẹ.

Agbára wá ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, nítorí pé òṣùwọ̀n kò mọ òkú yàtọ̀ sí ààyè. Èyí tí wọ́n máa ń lò jù ni CTLL-2, sẹ́ẹ̀lì T eku tí kò lè wà láàyè láìsí IL-2. Ti ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti eku kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Wọ́n á fọ sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta kí IL-2 àná lè kúrò lára rẹ̀, wọ́n á pín in sínú àwo oníhò 96, wọ́n á fún ihò kọ̀ọ̀kan ní IL-2 tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi aró resazurin sí i. Búlúù ni aró yìí; sẹ́ẹ̀lì ààyè á sọ ọ́ di píǹkì. Bí o bá wo àwo náà láti òkè, wàá rí i tí píǹkì ń rọra di búlúù láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ìwọ̀n IL-2 tó fún wa ní ìdajì ìdáhùn tó ga jù ni wọ́n ń pè ní ED50.

Bí ED50 bá ṣe kéré tó ni agbára ṣe pọ̀ tó. Láti sọ ọ́ di yúníìtì, pín mílíọ̀nù kan pẹ̀lú ED50 tí wọ́n fi nánógíráàmù sí mìlílítà kan kọ. Bí ED50 bá jẹ́ 0.1, agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá yúníìtì nínú mílígíráàmù kan. Bó bá jẹ́ 0.5, mílíọ̀nù méjì péré ni. Ìgò méjèèjì lè máa wọ 50 µg, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ọ̀kan sì fi ju èkejì lọ.

Yúníìtì tí a ṣírò báyìí kì í ṣe IU, yúníìtì àgbáyé, dandan. IU jẹ́ èyí tí wọ́n fi wé òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó wà lọ́wọ́ NIBSC, ilé ìwádìí tó ń tọ́jú irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ tó kọ "U" lásán lè jẹ́ pé ED50 tirẹ̀, lára sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, ló fi ṣírò. Ìwádìí àtijọ́ tún ní Cetus unit, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí IU mẹ́fà. Ẹni tó bá da nọ́ńbà yẹn kọ láì yí i padà á fún sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó yẹ. Mo gbà pé yúníìtì yìí ló ti jẹ àkókò ènìyàn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ IL-2, torí pé àṣìṣe rẹ̀ kì í fojú hàn.

Ó wá ku ṣíṣí ìgò. Gbé e jáde nínú fìrísà kí o sì jẹ́ kó bá yàrá dọ́gba kí o tó fọwọ́ kan ìdérí, torí bí o bá ṣí i ní tútù, ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀. Fi séńtífúùjì yí i fún ìṣẹ́jú kan, kí ohun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí lè wálẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí lè sọ ìdajì owó rẹ̀ nù pẹ̀lú ìdérí. Wo ohun tí ìwé ní kí o fi tú u. IL-2 kò fẹ́ràn omi tí kì í ṣe ásíìdì. Bó bá ti pọ̀ nínú PBS, omi iyọ̀ tí wọ́n ń lò ní láàbù, á máa dì mọ́ra. Fún ọ̀pọ̀ wọn, ásíìdì acetic 100 mM ni wọ́n ń dárúkọ. Láti ṣe é, rọ 0.57 mL ásíìdì acetic ògidì sínú omi tó mọ́, kí o sì fi omi kún un títí gbogbo rẹ̀ á fi jẹ́ 100 mL. Àwọn mìíràn ti fi iyọ̀ àti ṣúgà sínú ìgò tẹ́lẹ̀, omi aláìlẹ́gbin ni wọ́n ń fẹ́. Ìwé ìgò tìrẹ ni kí o tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ.

Fi 500 µL sínú 50 µg, jẹ́ kó ṣàn gba ara ìgò dé ìsàlẹ̀, kó sì di 0.1 mg nínú mìlílítà kan. Má ṣe gbọ̀n ọ́n, má gbé e lé ẹ̀rọ vortex. Ìfófòó ni ikú purotéènì: níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti pàdé omi ni yóò ti tú ara rẹ̀ ká, kò sì ní ká padà. Yí ìgò náà lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, dojú rẹ̀ kọ òkè àti ilẹ̀, kí ibi gbogbo kan omi, kí o fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.

Láti ìgbà yìí lọ, ọ̀tá rẹ̀ ni ara ike. IL-2 máa ń lẹ̀ mọ́ ara túùbù, bí a bá sì ti fi omi bù ú là púpọ̀, èyí tó lẹ̀ lè pọ̀ ju èyí tó kù nínú omi lọ. Albumin 0.1 % ni wọ́n fi ń dáàbò bò ó, kí albumin kọ́kọ́ gba ara ike. Bí ìwé bá sọ pé carrier-free ni tìrẹ, kò sí albumin nínú rẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ so aró mọ́ ọn tàbí tó fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n, àmọ́ fún títọ́jú sẹ́ẹ̀lì, ìwọ fúnra rẹ lo máa fi albumin sí i. Má sì rò pé kí o sẹ́ ẹ gba asẹ́ 0.2 µm kọjá kó lè mọ́. Asẹ́ á jẹ ẹ́. Omi tí o fi tú u ni kí o sẹ́, ṣáájú.

Pín in sí túùbù polypropylene kéékèèké, 10 sí 20 µL ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi wọ́n sí ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Túùbù tó bá ti yọ́ kò gbọdọ̀ padà. Fìrísà tó ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dára fún un, nítorí pé láti yọ́ yìnyín yẹn ó ní láti máa móoru lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n bí páálí bá dé tí yìnyín inú rẹ̀ ti yọ́ tán, tí ìgò sì ṣì gbẹ, má jáyà. Èyí tó gbẹ lè fara da ọjọ́ mélòó kan nínú ooru yàrá.

Ní ọjọ́ lílò, ká ní agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá yúníìtì nínú mílígíráàmù kan. Ohun tó wà nínú túùbù rẹ jẹ́ mílíọ̀nù kan yúníìtì nínú mìlílítà kan. O fẹ́ 100 yúníìtì nínú mìlílítà kan, fún 10 mL: 1,000 yúníìtì ni, tí í ṣe 1 µL péré. Má fi pípẹ́ẹ̀tì fa 1 µL. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣóńṣó rẹ̀ nìkan lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mú 10 µL sínú 990 µL omi ìtọ́jú tó ní serum, kó di 10,000 nínú mìlílítà kan, kí o wá fa 100 µL nínú rẹ̀ sínú 10 mL. Èyí tí o kọ́kọ́ bù là yìí ni kí o dà nù nírọ̀lẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì máa ń lo IL-2 yìí tán ni o, torí pé olùgbà máa ń gbé IL-2 wọlé kí ó sì fọ́ ọ. Lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta, fún wọn ní tuntun. Àmọ́ má fi ìbẹ̀rù sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá: IL-2 tó pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T tí a ta jí rọrùn láti pa ara rẹ̀, ó sì máa ń gbé àwọn Treg, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àwọn yòókù lẹ́kun, sókè pẹ̀lú wọn.

IL-2 wà tí í ṣe oògùn; aldesleukin ni, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1992 fún jẹjẹrẹ kíndìnrín tó ti tàn ká. Ìgò láàbù kì í ṣe òun. "Fún ìwádìí nìkan" tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò bí ohun tí a ó gún sára. Oògùn náà gan-an, tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì ń fún ni ní ilé ìwòsàn, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ga, máa ń mú kí omi jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ìfúnpá sì wálẹ̀.

Bí o bá wá fura pé ìgò rẹ ti kú, má dúró de ọjọ́ márùn-ún kí o tó mọ̀. Mú sẹ́ẹ̀lì T tí a ti ta jí, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó wà láìsí IL-2 fún wákàtí mélòó kan, fún un ní 10 nánógíráàmù sí mìlílítà kan, kí o sì dá a dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wá STAT5, purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì, tí fọ́sífétì ti lẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀, nítorí òun ni JAK1 àti JAK3, ẹńsáìmù tó so mọ́ olùgbà, máa ń fi àmì sí ní kété tí olùgbà bá gba IL-2. Fi túùbù kan láti inú ìgò àtẹ̀yìnwá tó ṣiṣẹ́ ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá fi STAT5 hàn tí tuntun kò fi hàn, ìgò ni. Bí méjèèjì bá fi hàn, yẹ CD25 wò lára sẹ́ẹ̀lì tí kò pọ̀ sí i yẹn.